Agogo Tí Mo Dè Mọ́ Kẹ̀kẹ́ Ọmọ

Agbonou,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀.

Afí ọmọ mi, ìyá mi kékeré,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú. Àwòrán tí o fi sínú rẹ̀, mo ti fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, lókè ibi tí mo ń so táyà kẹ̀kẹ́ rọ̀ sí. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ wá fún lílẹ̀ báyìí, àwòrán ni yóò kọ́kọ́ wò kí n tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí kò bá wò ó fúnra rẹ̀, mo mọ bí mo ṣe ń ṣe é tí ojú rẹ̀ á fi débẹ̀. Ìyá rẹ ní mo ti ń di oníyọnu fún àwọn oníbàárà. Mo ní ẹni tí kò bá fẹ́ wo ọmọ mi, kí ó lọ lẹ táyà rẹ̀ ní Datcha.

Àgbẹ̀ kan wá láti Akparé ní àná, ó wo àwòrán náà títí, ó wo aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ àti orúkọ rẹ tí wọ́n kọ sí ọ láyà, ó ní, "Ṣé sójà ni?" Mo ní rárá, ọmọ mi ni, ọ̀dọ̀ àwọn yovó ló wà, ní ìlú òyìnbó, ní ọgbà ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣeré. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, òun ló ń fi kẹ̀kẹ́ ọmọ yá àwọn tó bá gbé ọmọ wá, òun ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ká a àti bí wọ́n ṣe ń ṣí i, bí èrò bá sì pọ̀ jù, òun ló ń wọ àárín wọn lọ tú ọ̀nà sílẹ̀. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ ọmọ? Ṣé àwọn yovó ò ní ẹ̀yìn ni?" A rẹ́rìn-ín títí mo fi gbàgbé láti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ mi, inú mi dùn. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ohun mìíràn. Ìgbà tí ìwọ àti Kòsí ọkọ rẹ ń lọ, ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé wọn yóò fi ọ́ sí ibi tí ojú ò ti ní rí ọ, ní ẹ̀yìn ilé ìdáná kan tàbí ní abẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ọ́ sí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló gbọ́dọ̀ kí ọ. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, èyí tí o kó jáde ní Agbonou ń tàn dé ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mi ò kà sí ẹnikẹ́ni létí, ìyá rẹ pàápàá. Ibi tí o ti sọ ti ọkùnrin tó ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ gun gìgísẹ̀ ìyá àgbàlagbà kan, lórí ìlà àwọn tó ń dúró de ẹṣin onígi tó ń yí, tó sì tún yíjú sí ìyá náà pé kí ló dé tí kò kúrò lọ́nà. O ní inú bí ọ. O ní o sọ fún un níṣojú gbogbo èrò pé wọn ò kọ́ ọ nílé, títí ọmọ inú kẹ̀kẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. O wá kọ ọ́ báyìí: "Bàbá, mo sọ fún un pé bàbá mi, tí kò jókòó pẹ́ ní ilé ìwé, kò lè ṣe irú èyí láéláé."

Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Afí, mo ti ṣe é rí. Ìwọ gan-an lo sì wà nínú kẹ̀kẹ́ náà.

Jókòó kí n sọ ọ́ fún ọ. Bí Kòsí bá wà nítòsí, kí òun náà gbọ́, nítorí àna mi ni, n kò sì fẹ́ kí ó máa yìn mí fún ohun tí n kì í ṣe.

O kò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà náà. Yovó kan tó ń bá wọn la ọ̀nà ọ̀dà fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, èmi ni mo sì ń tún kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù, obìnrin náà gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ kan fún mi, èyí tí wọ́n ń pè ní pusẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Mo wá ẹsẹ̀ mìíràn fi sí i, mo fi gírísì sí gbogbo oríkèé rẹ̀, mo kùn ún ní àwọ̀ búlúù. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo yọ agogo lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan, mo dè é mọ́ ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Ìyá rẹ wò mí, ó ní, "Bàbá Afí, kí la fẹ́ fi agogo ṣe lára kẹ̀kẹ́ ọmọ? Ṣé ẹnu wa ti di ni?" Mo ní obìnrin ò mọ nǹkan ọ̀làjú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, ọgbọ́n mi pọ̀ ju orí mi lọ.

Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wa. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo ọmọ tó ń rìn lórí táyà. Mo máa ń tì ọ́ lọ sí ibi tí mi ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, mo kàn fẹ́ kí wọ́n rí wa.

Àsìkò ìdúpẹ́ ìkórè dé. O mọ bí pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe ń rí lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ni a fi ń rìn. Lọ́dún yẹn, ọkùnrin kan gbé ẹṣin onígi wá láti Lomé, mẹ́fà ni wọ́n, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí wọn. Nítorí ẹṣin yẹn, Akparé jáde, Datcha jáde, èrò tó wà ní pápá pọ̀ ju iṣu tí wọ́n kó wá lọ. Nígbà tí a dé ẹnu pápá, ìyá rẹ ní, "Gbé e fún mi kí n pọ̀n ọ́n, kí a ká kẹ̀kẹ́ yìí, kí a gbé e sí ṣọ́ọ̀bù." Mo kọ̀. Bó bá pọ̀n ọ́, ta ni yóò rí kẹ̀kẹ́ mi?

Mo wọ àárín èrò, mo ń lu agogo. Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yíjú padà, wọ́n rí ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi. Mo tún lù ú. Kí a tó dé ìdí ẹṣin onígi, ó ti ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo ni ọ̀nà.

Obìnrin kan ń lọ níwájú mi, ó ru bàsíà ẹ̀kọ gbígbóná, ó fi ọwọ́ kan dì í mú. O mọ̀ ọ́n. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni. Mo lu agogo sí i lẹ́yìn. Afí, ẹni tó ru ẹ̀kọ gbígbóná kì í dédé yíjú padà. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ èyí. Mo tún lù ú, n kò dúró, mo tì. Ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ gun gìgísẹ̀ rẹ̀.

Ó kọsẹ̀. Bàsíà náà tẹ̀ sí ẹ̀yìn, ibi tí o wà. Mo rí ìdérí rẹ̀ tó ń yọ̀. Obìnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó gbá bàsíà mú, ó fà á sí ara rẹ̀. Ẹ̀kọ náà dà láti èjìká rẹ̀ òsì títí dé ọrùn ọwọ́. Kò kán sí ọ lára rárá. Ó kán díẹ̀ sórí ọ̀dà búlúù mi.

Ohun tí mo sọ nìyí, ìyá mi kékeré, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbí kí o lè rí i: "Ṣé etí rẹ ti di ni? O ò gbọ́ agogo?" Ojú mi kò tíì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi. Mo tilẹ̀ pe ẹni tó jù mí lọ ní ìwọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú kẹ̀kẹ́, ó ní, "Ṣé ó kan ọmọ?" Ìyá rẹ ní kò kàn án. Ìgbà náà ló tó jókòó sílẹ̀.

Èrò bo mí. Gbogbo wọn ló ń bú mi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnìkan fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ẹnìkan ní kí wọ́n fi èmi náà sínú rẹ̀ kí wọ́n máa tì mí kiri. Ìyá rẹ kúnlẹ̀ nínú eruku, ó ń bẹ̀bẹ̀. Èmi dúró sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé Ìyá Ẹlẹ́kọ lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì lo ọjọ́ púpọ̀ níbẹ̀.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo ayé ló ń pa òwe yìí. Èmi mọ ohun tó náni.

Nísinsìnyí o ti mọ ibi tí àpá ọwọ́ rẹ̀ ti wá. O máa ń bi í ní kékeré, mo sì máa ń dá bí ẹni tí kò gbọ́. "Ìyá, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?" Yóò ní, "Ẹ̀kọ ló fẹ́ jẹ mí kí n tó jẹ ẹ́," ìwọ yóò sì rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tó fi máa ń bu ẹ̀kọ lé e fún ọ lójoojúmọ́ tí o bá ń lọ sí ilé ìwé. O rò pé nítorí pé o lẹ́wà ni. O lẹ́wà o, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn. Ó ń wò ọ́ bí o ṣe ń dàgbà. Òun ló sì ní kí a má sọ fún ọ. Ó sọ fún ìyá rẹ ní ilé ìwòsàn pé, "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí gbọ́. Kì í ṣe òun ló ti kẹ̀kẹ́."

Mo sọ fún ọ pé kẹ̀kẹ́ náà bàjẹ́. Irọ́ ni. Mo ká a, mo gbé e sókè àjà, ẹ̀yìn ni ìyá rẹ sì fi tọ́ àwọn àbúrò rẹ. Agogo náà wà nínú agolo tí mo ń kó nọ́ọ̀tì sí. Mo ti tún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kẹ̀kẹ́ ṣe, n kò dè é mọ́ ìkankan.

Ó yá, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀, nítorí lẹ́tà bàbá tí kò bá ní ìmọ̀ràn, àròyé lásán ni.

Ìkíní. O kọ ọ́ pé àwọn ará ọ̀hún ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, "padọ́ọ̀nù," ìyẹn ẹ forí jì mí, ó sì ń bí ọ nínú pé táyà ti gun ẹsẹ̀ ènìyàn tán kí wọ́n tó sọ ọ́. Má bínú sí ọ̀rọ̀ náà, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló máa ń dé. Tiwa ń ṣáájú ẹsẹ̀. A ó ní "Àgò," a ó dúró, títí ẹni tó wà níwájú yóò fi ní "Àgò yà." Bí kò bá tíì dáhùn, a kò tíì gba ọ̀nà. Agogo tèmi ń ké, kì í béèrè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ló jó ọwọ́ ènìyàn. Nítorí náà bí o bá ń fi kẹ̀kẹ́ lé ènìyàn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kọ́ ọ bí wọ́n ti ń ṣí i, kọ́ ọ bí wọ́n ti ń ká a, kí o sì sọ fún un pé kí ó fi ẹnu béèrè ọ̀nà, kí ó sì dúró de èsì. Sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọ̀kan nínú mẹ́wàá yóò gbọ́, ìyẹn sì pọ̀.

Ìkejì, ẹlẹ́rù ló ni ọ̀nà. O rí bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín. Bí obìnrin bá ru igi bọ̀ láti oko, olóyè pàápàá á bọ́ sínú koríko fún un, nítorí ẹni tí orí rẹ̀ ṣófo ló lè yà. Kẹ̀kẹ́ tí ọmọ wà nínú rẹ̀ jẹ́ ẹrù, ó yẹ kí wọ́n yà fún un. Ṣùgbọ́n o ní àwọn kan wà níbẹ̀ tí ọmọ wọn ti sọ̀kalẹ̀ tó ń sáré kiri, tí wọ́n wá kó àpò àti aṣọ òtútù sínú kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń fi la èrò já bí ẹni tó ni ọ̀nà. Àwọn yẹn ni kí wọ́n yà fún ẹni tó gbé ọmọ lọ́wọ́, àti fún arúgbó tó ń tẹ ọ̀pá. Arúgbó náà ru ẹrù, ọdún rẹ̀ ni.

Èyí tó kàn, mo ti gbàgbé bóyá ìkẹta ni tàbí ìkẹrin. Bí kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ dúró, kí ó kúrò lójú ọ̀nà. O kò gbàgbé bí àwọn awakọ̀ ṣe ń ṣe bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lójú ọ̀nà Lomé, wọ́n á já ewé, wọ́n á tò ó sílẹ̀ láti òkèèrè kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀. Ìyá tó bá dúró gìdìgbà ní àárín èrò láti nu imú ọmọ rẹ̀, kò já ewé kankan sílẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Fi ọwọ́ tọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bá a nu imú ọmọ náà bó bá gbà.

Tún wò ó, ọmọ mi. Kí èrò tó pọ̀ jù, kí ẹ ká kẹ̀kẹ́, kí ẹ gbé ọmọ sókè. Lẹ́yìn ọ̀ràn yẹn, mo lóṣòó lọ́jọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ búlúù náà ní ojú ọjà, mo fẹ́ mọ ohun tí ìwọ ń rí nínú rẹ̀. Ìdí ènìyàn ni mo rí. Ìdí, orúnkún, apẹ̀rẹ̀, àti ajá kan. Mo ti ń tì ọ́ kiri láàárín ìdí ènìyàn fún oṣù mẹ́ta, tí mo ń rò pé mo ń gbé ọ ga. Lẹ́yìn ìyá rẹ, ojú ènìyàn lo ń rí, o sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ìwọ náà yóò bímọ láìpẹ́, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Mọ ìgbà tí táyà wúlò, kí o sì mọ ìgbà tí ẹ̀yìn ló tọ́. N kò sọ pé kí o má ra kẹ̀kẹ́ o. Bàbá rẹ ṣì fẹ́ràn ohun tó ní táyà.

Mo fẹ́ sọ èyí tó kẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, nítorí òun ló kàn ọ́ jù, èmi kọ́ sì ni mo ni ín.

Bó ti jẹ́ pé Ìyá Ẹlẹ́kọ ló ní kí a má sọ, n kò lè kọ lẹ́tà yìí láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun mìíràn sì wà. Láti ọdún yẹn, mo ń tún kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, iṣu mi kì í ta kí tirẹ̀ má kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀, bí òrùlé rẹ̀ bá jò, èmi ni n ó gun un. Ṣùgbọ́n ẹnu tó bú u kò bẹ̀ ẹ́ rí. Ìyá rẹ ló bẹ̀bẹ̀, mo sì fara pamọ́ sẹ́yìn ìró rẹ̀ títí di ọdún yìí. Bí mo bá ti fẹ́ sọ ọ́, mo máa ń rántí èrò tó bò mí ní pápá, n ó sì béèrè bóyá ẹ̀kọ ṣì kù.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, mo ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán, mo lọ sí ilé rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Àgò o." Mo ń gbọ́ ìró àgbàdo tó ń bọ́ sínú igbá nínú ilé. Ìró náà dúró. Kò dáhùn. Ìyá tó jẹ́ pé kí o tó sọ ọ́ tán ló ti ń dá ọ lóhùn. Oòrùn ń pa mí lẹ́yìn ọrùn. Adìyẹ kan jáde wò mí, ó wọlé padà. N kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, n kò gbé ẹsẹ̀. Ó pẹ́, Afí. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Àgò yà, Kofí."

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí agogo títí dé orí "ìwọ" tí mo pè é. Mo sọkún díẹ̀, má sọ fún àwọn àbúrò rẹ. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Mo gbọ́. Mo ti fi jì ọ́ kí apá tó san, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Jókòó, bá mi yin àgbàdo yìí."

Bí a ti ń yin ín, mo ka lẹ́tà rẹ fún un. Nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ rẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó ní, "Ṣé ọmọ mi ló ń kọ́ àwọn yovó bí wọ́n ṣe ń rìn?" Ọmọ mi, ló wí. N kò takò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi ọkùnrin yẹn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ọmọ inú kẹ̀kẹ́ náà ń sunkún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní:

"Sọ fún Afí pé ó ṣeun tó gbèjà àgbà. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n bó bá tún rí irú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ìyá àgbà, kí ó rẹ ọmọ lẹ́kún, kí ó wá mú ọkùnrin náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bá a wí. Ọkùnrin tí wọ́n bá dójú tì níṣojú èrò máa ń pẹ́ kó tó rí ẹnu fi bẹ̀bẹ̀. Wo bí tìrẹ ṣe pẹ́ tó."

Ìmọ̀ràn rẹ̀ nìyẹn, mo sì fi í ṣe àgbà gbogbo tèmi. Bí ọkùnrin náà bá tún wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ, fún un ní kẹ̀kẹ́ tó dára, kí o kí ọmọ rẹ̀ ní orúkọ. Bóyá ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń wá ibi tí yóò gbà jáde. Èmi mọ bó ṣe ń rí.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ní kí o fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí òun náà. Ojú rẹ̀ kò ní rí i, ṣùgbọ́n ó ní òun ti rí àwọn tí yóò máa sọ fún òun bí o ṣe rí. Kọ̀wé sí i. Má dúpẹ́ jù, ojú yóò tì í. Sọ fún un pé ò ń jẹun.

Gbólóhùn tí o kọ, pé bàbá rẹ kò lè ṣe irú èyí láéláé, n kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ tó kọ ọ́, mo fi ń yangàn ní gbogbo Agbonou, àwòrán rẹ yóò sì wà lórí ògiri mi bóyá inú ń bí ọ sí mi tàbí kò bí ọ. O ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Mo ti gba ọ̀nà lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ, ó ku ọ̀dọ̀ rẹ.

Afí, àgò o.

Má kánjú. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ, n kò ní lu agogo.

Bàbá rẹ,
Kofí, alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́.